Kókó Àgbọ̀n, Egbò Ẹnu àti Iṣẹ́ Abẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ìdílé Mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú tàbí ti ilé káńsù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni: kókó tó yọ lára eegun àgbọ̀n, egbò tí kò jinná, eyín ìkẹyìn tí kò rí àyè yọ, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kán.

Ìdí tí a fi mú un wá ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ohun ìkẹyìn. Bí inú bá ń run wá, a ó lọ rí GP. Bí ara ọmọ bá gbóná, kíá la ó ti gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, a ó ní "eyín lásán ni." A ó fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, a ó gbé kápúsù tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé mì, a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn kan ń bẹ̀rù owó. Àwọn kan ń bẹ̀rù ọ̀bẹ. Àwọn kan kò tíì ní ìwé, wọ́n sì rò pé bí àwọn bá yọjú sí ilé ìwòsàn, wàhálà ni. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rù wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan.

TA LÓ Ń TỌ́JÚ ÀGBỌ̀N?

Dókítà eyín ni ẹni àkọ́kọ́. Òun ló ń wo eyín, erìgì, ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá rí ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, á kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá. GP náà lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka tí wọ́n máa rán yín lọ ní orúkọ gígùn kan: Oral and Maxillofacial Surgery. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń gé e kúrú sí Max-Fax. Àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹnu, àgbọ̀n, ojú àti ọrùn ni wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá wọn ló gba oyè méjì, ti dókítà eyín àti ti dókítà gbogbo ara. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ní ọdún 1917, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn kan ní Sidcup, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Harold Gillies àti àwọn dókítà eyín tó bá a ṣiṣẹ́ ti ń tún ojú àti àgbọ̀n àwọn sójà tí ìbọn bà jẹ́ ṣe.

Nítorí náà, bí lẹ́tà bá dé tí ẹ rí orúkọ gígùn yẹn, ẹ má jáyà. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti sọ pé jẹjẹrẹ ni. Ẹni tí eyín ìkẹyìn ń dà láàmú lásán náà, ibẹ̀ ni wọ́n máa rán an lọ.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ KÒ YẸ KÍ Ẹ FI JÁFARA

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà eyín tàbí GP. Ẹ má dúró de ìgbà tó máa dùn yín.

• Egbò inú ẹnu tàbí ti ètè tí kò jinná.
• Àbàwọ́n funfun tàbí pupa nínú ẹnu tí kò ṣeé nù kúrò.
• Kókó nínú ẹnu, lára àgbọ̀n tàbí ní ọrùn.
• Eyín tó ń mì láìnídìí, tàbí ojú ihò eyín tí wọ́n yọ tí kò padé.
• Ètè tàbí àgbọ̀n tó kú, bíi pé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́.
• Ẹnu tí kò ṣeé yà dáadáa mọ́, tàbí oúnjẹ tó ń há lọ́fun.
• Eyín àtọwọ́dá tó ti ń bá ẹnu mu tẹ́lẹ̀, tí kò wọ̀ mọ́.

Ohun kan wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Erìgì ọ̀pọ̀ nínú wa dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbímọ́ni ni, kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí àbàwọ́n dúdú tuntun bá yọ sójú kan, tó ń tóbi tàbí tó ń yí àwọ̀ padà, ẹ fi han dókítà. Bákan náà, ìwé ìmọ̀ràn ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé kí ẹ wò ó bí awọ ara bá pọ́n. Lára àwa, pípọ́n yẹn kì í hàn dáadáa. Ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó: ṣé ibẹ̀ gbóná? Ṣé ó le? Ṣé ó ń dùn bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́?

ÈYÍ TÍ KÒ LÈ DÚRÓ DI ỌJỌ́ KEJÌ

Bí eyín bá ní ọyún, tí wíwú náà sì sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n tàbí sí ọrùn, ó lè dí ọ̀nà èémí láàrin wákàtí díẹ̀. Bí ẹni náà kò bá lè gbé itọ́ mì, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí ahọ́n rẹ̀ ń gbé sókè, tí kò lè yanu, tàbí tí mímí ń ṣòro fún un, ẹ pe 999 tàbí kí ẹ gbé e lọ sí A&E lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ń dúró de dókítà eyín di ọjọ́ Ajé. Èèyàn ń kú nínú rẹ̀. Bákan náà ni bí wíwú bá ti dé ojú tí ojú ń dí.

Kápúsù láti ilé kò lè wo èyí sàn. Oògùn lè mú kí ara rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ohun tó fa ọyún náà ṣì wà nínú eyín. Ó dìgbà tí wọ́n bá fa ọyún jáde, tí wọ́n yọ eyín náà tàbí tí wọ́n fọ inú gbòǹgbò rẹ̀, kó tó tán. Àwọn mìíràn sì wà tí pẹnisílínì jẹ́ májèlé sí ara wọn tí wọn kò mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ eyín ríro líle tí kò ní irú àmì wọ̀nyẹn, tí ẹ kò sì ní dókítà eyín, ẹ pe 111. Wọ́n á wá ibi tí wọ́n ti lè rí yín kíákíá.

BÍ WỌ́N ṢE Ń WÁ ÌDÍ ÀÌSÀN

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bínú pé àwọn lọ sí ilé ìwòsàn nígbà mẹ́ta, wọn kò sì rí nǹkan ṣe. Kì í ṣe pé wọn kò ṣe nǹkan o. Wọ́n ń wádìí ni, nítorí kókó méjì lè jọra lójú, kí ìtọ́jú wọn má jọra rárá.

Àkọ́kọ́, ìbéèrè. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń yára tóbi? Ṣé ẹ ń mu sìgá, ṣé ẹ ń fín áṣáà, ṣé ẹ ń mu ọtí? Ẹ sọ òótọ́. Dókítà kì í ṣe pásítọ̀, kì í ṣe àlùfáà, kò ní bá yín wí.

Èkejì, ọwọ́ àti ojú. Wọ́n á wo abẹ́ ahọ́n, wọ́n á tẹ àgbọ̀n àti ọrùn yín wò. Nígbà mìíràn wọ́n á ti kámẹ́rà tín-ínrín gba imú wo ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹ̀kẹta, ẹ́síréè. Ẹ ó dúró, ẹ̀rọ á rọra yí orí yín ká, á sì ya gbogbo eyín àti àgbọ̀n pọ̀ sínú àwòrán kan. Bí wọ́n bá fẹ́ rí i jinlẹ̀ sí i, wọ́n á ṣe síkáànù CT, èyí tó ń fi eegun hàn dáadáa, tàbí MRI, èyí tó ń fi ẹran ara hàn.

Ẹ̀kẹrin, báyọ́sì. Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ tó máa mú kí ibẹ̀ kú, wọ́n á gé ẹran kékeré bíi hóró ìrẹsì, wọ́n á sì gbé e lọ wò lábẹ́ ẹ̀rọ awò-nǹkan. Bó bá jẹ́ kókó ọrùn ni, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín fà á. Ibí ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn èèyàn wa jù. Wọ́n ní "bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, ńṣe ló máa ràn." Báyọ́sì egbò tàbí kókó ẹnu kọ́ ló ń mú kí jẹjẹrẹ ràn. Kíkọ̀ láti ṣe é ló ń fún un láyè, nítorí láìsí báyọ́sì, dókítà kò lè mọ ohun tó ń bá jà.

Bí dókítà bá fura sí jẹjẹrẹ, lẹ́tà kíákíá ni á kọ. Ní England, òfin tí NHS fi lélẹ̀ fún ara wọn ni pé láàrin ọjọ́ 28 sí ìgbà tí wọ́n kọ lẹ́tà náà, kí wọ́n ti sọ fún aláìsàn bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí òun kọ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ pe ẹni tó kọ lẹ́tà. Ẹ má rò pé ìyọnu lẹ ń yọ wọ́n lẹ́nu.

ÀWỌN ÀÌSÀN TÓ SÁBÀ MÁA Ń GBÉ ÈÈYÀN DÉ Ọ̀DỌ̀ WỌN

Eyín ìkẹyìn. Èyí ni eyín tó máa ń yọ lẹ́yìn gbogbo eyín, tí èèyàn á ti dàgbà kó tó yọ, tí wọ́n ń pè ní wisdom tooth. Nígbà mìíràn kì í rí àyè, á dùbúlẹ̀ sínú eegun, ẹran á bo apá kan rẹ̀, oúnjẹ á há síbẹ̀, á wú. Láti ọdún 2000, ìlànà ìjọba ni pé wọn kì í kàn yọ ọ́ bí kò bá dá èèyàn láàmú. Ó dìgbà tó bá ń wú léraléra, tó ti jẹrà kọjá àtúnṣe, tàbí tó ń ba nǹkan mìíràn jẹ́. Ẹ béèrè nípa iṣan ìmọ̀lára ètè àti ti ahọ́n tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà mìíràn ètè tàbí ahọ́n lè kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀tọ́ yín ni láti gbọ́ èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ameloblastoma. Orúkọ yìí le lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ̀ ọ́n, nítorí nínú àwọn kókó tó ń ti ara ohun tó ń dá eyín jáde, òun ló wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń mú, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ló sì máa ń mú. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sábà lọ sí ibòmíràn nínú ara. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ eegun lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀tàn rẹ̀ ni pé kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Èèyàn á kàn rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tóbi ju èkejì lọ, eyín á máa mì. Á ní kò dun òun. Ọdún á gorí ọdún. Nígbà tó bá fi máa dé ilé ìwòsàn, ó ti tó ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́.

Bí wọ́n bá kàn ha á kúrò nínú eegun, ó máa ń padà wá. Nítorí náà, fún èyí tó ti tóbi, wọ́n máa ń gé apá eegun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ nínú èyí tó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èèyàn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1989 ni àwọn dókítà ti ń mú eegun tín-ínrín ẹ̀gbẹ́ ojúgun ẹsẹ̀, pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, láti fi ṣe àgbọ̀n tuntun. Eegun ńlá ojúgun ló ń gbé èèyàn rìn, nítorí náà aláìsàn á tún rìn. Nígbà tó bá yá, wọ́n lè ri eyín sínú eegun tuntun náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ máa wò ó fún ọdún púpọ̀, nítorí ó lè padà wá nígbà tí èèyàn ti gbàgbé rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí wọ́n bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ náà á kéré.

Jẹjẹrẹ ẹnu. Tábà, yálà èyí tí a ń mu tàbí áṣáà tí a ń fi sẹ́nu, àti ọtí ni olórí ohun tó ń fà á. Ẹni tó ń lo méjèèjì pọ̀, ewu tirẹ̀ pọ̀ sí i. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV náà ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ní England, wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n bá wà ní ọdún 12 sí 13, wọ́n sì fi àwọn ọmọkùnrin kún un ní ọdún 2019. Bí ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ẹ kà á dáadáa, kí ẹ sì bi nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ní ohun tó bá rú yín lójú. Ní ti ìtọ́jú, bí wọ́n bá tètè rí jẹjẹrẹ ẹnu, iṣẹ́ abẹ nìkan lè tó. Bó bá ti pẹ́, wọ́n á fi iná ẹ̀rọ tàbí oògùn kún un.

Eegun tó kán. Ìjàǹbá ọkọ̀, bọ́ọ̀lù, ìṣubú, ìjà. Àmì rẹ̀ ni pé eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò pàdé bó ṣe yẹ, ètè kú, ẹnu kò ya. Wọ́n á fi páànù kékeré àti ìdè tó jẹ́ irin titanium so eegun pọ̀ láti inú ẹnu, àpá rẹ̀ kì í sì hàn níta. Ó sábà máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó le. Bí eyín àgbà bá yọ bọ́ sílẹ̀, ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò, ẹ má ha á. Ẹ fi í sínú wàrà, kí ẹ sì sáré lọ. Láàrin wákàtí kan ló dára jù. Eyín ọmọdé ni wọn kì í dá padà.

A ní láti sọ èyí láìfi bò: àgbọ̀n àwọn obìnrin kan ń kán nínú ilé wọn. Bó bá jẹ́ ọkọ tàbí ẹbí ló lù yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yin nìkan, pẹ̀lú ògbufọ̀ tí kì í ṣe ará ilé yín. Nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tó wà fún un tọ̀sán-tòru, tí kì í gba owó, ni 0808 2000 247.

Oríkèé àgbọ̀n. Bí àgbọ̀n bá ń ró kẹ́, kẹ́, kẹ́ nígbà tí ẹ bá ń jẹun, tí kò sì dùn yín, kò sí wàhálà. Bó bá ń dùn yín, kì í sábà gba ọ̀bẹ. Oúnjẹ tó rọ̀, oògùn ìrora, fífi omi gbígbóná jó o, àti ohun ìbòyín tí wọ́n ń wọ̀ sùn fún àwọn tó ń wa eyín lóru, ìwọ̀nyẹn sábà máa ń tó. Ṣùgbọ́n bí àgbọ̀n bá yẹ̀, bóyá nígbà tí èèyàn yán, tí ẹnu kò sì padé mọ́, A&E ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a létí pé kó lè padà.

Àwọn ọmọdé. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bá ń wú lójoojúmọ́, tí eyín rẹ̀ ń mì, ẹ má fi falẹ̀. Ní ọdún 1958, dókítà Denis Burkitt, ará Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ kan tó ń mú àgbọ̀n àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ó wọ́pọ̀ níbi tí ibà ti pọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa ní Ìbàdàn náà. Oògùn ló ń wò ó, kì í ṣe ọ̀bẹ, ó sì máa ń gbọ́ oògùn gan-an bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé ìwádìí ṣe pàtàkì.

Ní ti ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tàbí àjà ẹnu tó là, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sábà máa ń rán ètè pọ̀ láàrin oṣù 3 sí 6, àjà ẹnu láàrin oṣù 6 sí 12. Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa fún ọmọ náà lóúnjẹ ṣáájú ìgbà náà.

OHUN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ SỌ KÍ WỌ́N TÓ ṢIṢẸ́ ABẸ

Sickle cell, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ẹ bá jẹ́ SS tàbí SC, ẹ sọ. Òtútù, òùngbẹ àti àìtó èémí lásìkò tí wọ́n fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ oorun lè dá ìrora sílẹ̀. Wọ́n á fi omi sí yín lára, wọ́n á mú kí ara yín móoru. Bí ẹ jẹ́ AS, ẹ sọ ìyẹn náà. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ jẹ́, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ sì mọ̀ pé ìrora sickle cell lè mú eegun àgbọ̀n náà, kí ó jọ eyín ríro.

Àpá tó ń wú sókè, tí wọ́n ń pè ní keloid. Ó pọ̀ láàrin wa. Bí ẹ bá ti ní in rí, ẹ fi han dókítà, kó lè gbìyànjú láti gba inú ẹnu ṣe iṣẹ́ náà bó bá ṣeé ṣe.

Gbogbo oògùn tí ẹ ń lò. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ, oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn, àti oògùn tí àwọn ìyá àgbà ń lò kí eegun wọn má ba máa kán. Èyí ìkẹyìn yìí lè mú kí eegun àgbọ̀n má jinná lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín. Ẹ má fúnra yín dá oògùn kankan dúró. Àgbo náà oògùn ni, ẹ dárúkọ rẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́fà, kí ẹ sì dá omi dúró ní wákàtí méjì ṣáájú. Ohun tí lẹ́tà yín bá wí ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí wọ́n bá bá oúnjẹ nínú yín, wọ́n á sún iṣẹ́ náà síwájú.

LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Bí wọ́n bá yọ eyín, ẹ má fi omi fọ ẹnu títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ̀jẹ̀ tó dì lójú ihò náà má bàa ṣí. Láti ọjọ́ kejì, omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má mu sìgá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù sí i, kí ẹ gé e mọ́yín fún ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá dá, ẹ pe 111 tàbí kí ẹ lọ sí A&E.

Oúnjẹ wa dára fún un: ògì, mọ́ínmọ́ín tó rọ̀, àmàlà rírọ̀ pẹ̀lú ewédú, ẹyin, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀. Kí ó má gbóná jù, kí ata rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ẹran líle, ẹ̀pà àti gúgúrú ni kí ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ìrora tó tún le sí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí ẹnu sì ń rùn, kì í ṣe ohun àfaradà. Ẹ padà lọ.

OWÓ ŃKỌ́?

Ní England, ìtọ́jú dókítà eyín ti NHS pín sí ipele mẹ́ta. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n sọ owó náà di £27.40, £75.30 àti £326.70. Wọ́n sábà máa ń yí i padà lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí kì í san: ọmọ tí kò tíì pé 18, ọmọ ọdún 18 tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní kíkún, aláboyún, ìyá tó bímọ láàrin oṣù 12, àti àwọn kan tó ń gba Universal Credit. Bí ẹ kò bá sí nínú wọn, ṣùgbọ́n tí owó tó ń wọlé kò tó, ẹ kọ fọ́ọ̀mù HC1. Ẹ má kàn fọwọ́ sí i pé ọ̀fẹ́ ni yín bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Owó ìtanràn lè dé £100.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún yín nínú ilé ìwòsàn NHS kò ní irú owó yẹn lórí fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àfi bóyá eyín àtọwọ́dá. Bí owó tó ń wọlé kò bá tó, wọ́n lè dá owó ọkọ̀ padà fún yín. Ẹ pa rìsíìtì mọ́.

Ẹ̀yin tí ìwé yín kò tíì pé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, kò sì sí owó lórí rírí GP tàbí ìtọ́jú inú A&E. Bí wọ́n bá gbé yín wọ wọ́ọ̀dù, wọ́n lè kọ owó fún yín, ó sì lè pọ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí kò ṣeé sún síwájú, wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ẹ kò tíì sanwó. Bí owó bá wà lọ́rùn yín, ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Gbèsè tó tó £500, tó lé ní oṣù méjì láìsí àdéhùn, wọ́n lè fi tó Home Office létí. Ẹ mú ìwé náà wá kí ó tó dé bẹ̀. Àwọn tó ń tọrọ ààbò kì í san owó ilé ìwòsàn yìí.

ÈDÈ ÀTI LẸ́TÀ

Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún wọn nígbà tí lẹ́tà bá kọ́kọ́ dé, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n fura sí jẹjẹrẹ. Kò yẹ kó tún ìdajì rẹ̀ sọ, kó sì gbé ìdajì yòókù mì nítorí ẹ̀rù.

Bí ẹ bá ṣí kúrò nílé, ẹ sọ àdírẹ́sì tuntun fún GP àti ilé ìwòsàn. Bí nọ́ńbà tí kò hàn bá pè yín, ẹ gbé e. Bí ilé ìwòsàn ṣe máa ń pè nìyẹn. Bí ẹ bá pàdánù àǹfààní kan láìsọ fún wọn, wọ́n lè dá lẹ́tà yín padà, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà. Ẹ ní kí ilé ìwòsàn kọ ìwé àìsàn fún ọ̀gá iṣẹ́ yín bí ìsinmi náà yóò bá ju ọjọ́ méje lọ.

BÓ BÁ JẸ́ ARÁ ILÉ LÓ Ń ṢE

Ọ̀pọ̀ wa ló ń rí fọ́tò lórí fóònù: ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò ní ilé, àgbọ̀n rẹ̀ ti wú. Owó la sì máa ń fi ránṣẹ́. Owó dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí owó náà ń lọ. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka àgbọ̀n àti ojú, irú bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n kò ju mẹ́ta lọ: Ṣé wọ́n ti ya ẹ́síréè? Ṣé wọ́n ti ṣe báyọ́sì? Kí ni ìwé èsì rẹ̀ wí? Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gé e láìsí ìwé èsì náà, ẹ ní kó dúró ná.

Abèèrè kì í ṣìnà. Bí lẹ́tà bá dé tí kò yé yín, tí fọ́ọ̀mù HC1 bá le jù, tàbí tí ẹ kò mọ bí ẹ ṣe máa bá GP sọ̀rọ̀, ẹ gbé e tọ̀ wá wá. A ó jókòó tì yín kà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ti ìwé yìí mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ lọ síwájú dígí níbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Ẹ yanu. Ẹ gbé ahọ́n sókè, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ fà ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ẹ fọwọ́ tọ abẹ́ àgbọ̀n. Kí ẹ wo ti àwọn ọmọ náà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.